Èso Tó Ti Yó

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀rá,
Èbúté Mẹ́ta,
ọ̀sán Ajé.

Bùkọ́lá ọmọ mi, Àṣàkẹ́,

Kí o tó ka ìlà kejì, jọ̀wọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹnu kan ohun tó wà nínú páálí ogójì tí Ìyá Àlájà kó lọ sílé rẹ̀. Kì í ṣe májèlé, kò ní pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Tí o bá fẹ́ fa lẹ́tà yìí ya lẹ́yìn ìyẹn, o lè fà á ya. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ mú bírò ti jáde lẹ́nu mi.

Ó yá, jókòó. Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Láti alẹ́ Àbámẹ́ta ni o ti dí nọ́ńbà mi pa. Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, mo wá dé ẹnu ọ̀nà yín, mo ń gbọ́ ohùn rẹ nínú ilé, ni ọkọ rẹ bá jáde pẹ̀lú ìtìjú, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má bínú, ó ní kí n sọ pé òun kò sí nílé." Ọmọ dáadáa ni Múfútáù; irọ́ kò mọ́ ọn lẹ́nu. N kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà fún un lórí ìdúró, nítorí ìwọ ló yẹ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí bàbá rẹ mú lẹ́tà wá, torí mo mọ̀ pé o kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Tí bàbá rẹ bá fi lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà, gbogbo èrò ọkọ̀ á ti gbọ́ kó tó dé Mushin.

Àbúrò rẹ sọ fún mi ohun tí o wí. O ní mo da ọjà rẹ nù nítorí pé o fẹ́ mùsùlùmí, pé ara mi kò gbà á pé o ń bá ọkọ rẹ gbààwẹ̀. Háà! Àṣàkẹ́! Ẹnu mi là, kò sì tíì pa dé. Ṣé èmi tí mo jókòó níwájú nígbà tí wọ́n ń so yìgì yín, tí mo ń ṣe àmín ju àwọn tó ni àdúrà lọ? Ṣé èmi náà ni? Ó dára. Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe rí i, ìwọ náà á sì rí ohun tí ojú mi rí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ti ṣọ́ọ̀bù kí oòrùn tó rọ̀, mo ní kí n lọ wo àtẹ àkọ́kọ́ tí ọmọ mi pa fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo wọ ọjà Mushin, mò ń wá tábìlì kékeré kan tí wọ́n kó dàbínù jọ lé lórí, tí abọ́ ìwọnjà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kọjá lára tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé báńkì kan ló ń polówó ọjà.

Aṣọ àrán aláwọ̀ ewé balẹ̀ dé ilẹ̀. Àwo gíláàsì ń gun orí ara wọn bí àkàsọ̀. Dàbínù tí o là láàárín, tí o yọ kóró rẹ̀, tí o fi ẹ̀pà sísun dí ojú ibi tí kóró wà. Àgbọn tí o rẹ́, tí o fi ṣúgà sè, tí o ṣù bí ẹyin àdàbà. Mángòrò gbígbẹ àti ọ̀pẹ òyìnbó gbígbẹ, tí o gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Láàárín gbogbo wọn, àwọn róbótó dúdú kan tí o yí nínú yànmọ̀tí, tí o tò bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Bébà góòlù ń kọ mànà, ríbọ́ǹnù ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Mo la ẹnu. Lẹ́yìn náà mo rí iye tí o kọ sára páálí kọ̀ọ̀kan, mo tún un là sí i. Páálí ni mò ń tà, Bùkọ́lá, mo mọ iye tí páálí jẹ́. Mo ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: páálí, bébà, ríbọ́ǹnù, dàbínù, ẹ̀pà, ṣúgà. Iye tí mo rí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí o kọ. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé góòlù gidi ni bébà yìí ni?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Màámi, kì í ṣe dàbínù ni wọ́n ń rà. Iyì ni."

Ìyá ọkọ rẹ, Ìyá Àlájà, wà lórí àga, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ìwọ yangàn fún gbogbo ẹni tó ń kọjá: "Ẹ wá wò ó o! Ìyàwó mi ló ṣe é! Ọmọ onígbàgbọ́ ni o, kò sì tíì jẹ ààwẹ̀ kan ṣoṣo látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọmọ Áfáà fún ọmọ yín, kí ni ìyàwó tiyín ń ṣe báyìí?"

Obìnrin tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín dá a lóhùn: "Ó ń sùn, Àlájà. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Àlájà tún sọ fún mi pé òun ti kó páálí ogójì lọ sílé láàárọ̀, pé lọ́jọ́ Ìtúnu, tí wọ́n bá ti yídì dé, òun á pín in fún àwọn ẹgbẹ́ alásàlátù òun, kí wọ́n lè mọ irú ìyàwó tí Ọlọ́run fún òun. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé iye tí mo fi wọ kẹ̀kẹ́ wá.

Lẹ́yìn náà ni mo bi ọ́ léèrè nípa róbótó dúdú yẹn, tí mo rò pé àjàrà gbígbẹ ni o fi ṣù. Àjàrà gbígbẹ wọ́n lọ́dún yìí, mo mọ̀ nítorí àwọn oníkéèkì ń ra ọ̀rá lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì ń ráhùn. Mo ní, "Báwo lo ṣe rí tó báyìí rà?" O sún mọ́ mi, o rọra sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ fún mi lẹ́bùn.

"Màámi, ọ̀rọ̀ yín ni mo tẹ̀ lé. Ṣé ẹ máa ń sọ pé ohun tí Kérésì bá jẹ kù ni kí Ìtúnu jẹ? Mo lọ bá obìnrin tó ń ta èèlò kéèkì ní Yaba, mo ra ike ńlá méjì. Ìdajì owó! Kì í ṣe gbígbẹ náà, èyí tó ti yó ni."

"Tó ti kí ni?"

"Tó ti yó. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Ó ti mu omi yó, ó ti rọ̀, kò sí wàhálà pé mo tún ń rẹ ẹ́."

Etí mi dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀.

Ọmọ mi, o kò mọ ìyá mi dáadáa. Nígbà tí o gbọ́njú, ìyá ìjọ lo bá a. Ṣùgbọ́n kó tó di ìyá ìjọ, pálọ̀ ọtí ló ní ní Èbúté Mẹ́ta níbí, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti ń gba atẹ́gùn tí wọ́n bá ṣíwọ́. Èmi ni mò ń fọ ife. Nínú pálọ̀ yẹn, a kì í lo ọ̀rọ̀ náà "yó" fún oúnjẹ. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀bà tán lọ́dọ̀ wa, a ó ní ó ti jẹun tẹ́rùn. Ẹni tí a bá ní ó ti yó, ẹni tó máa bá a ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ délé là ń wá.

Mo ní, "Ṣé o tiẹ̀ ti tọ́ ọ wò?"

"Màámi! Ààwẹ̀ ńkọ́?"

"Tí ẹ bá ti ṣínu tán ńkọ́?"

O wò mí bí ẹni pé mo ti gbàgbé ara mi. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹni tó bá ń jẹ ọjà rẹ̀, ọjà náà ló ń jẹ ẹ́?"

Òtítọ́ ni, èmi ni mo sọ ọ́. Mo wo gbogbo ẹni tó wà nídìí àtẹ náà. Ìwọ ń gbààwẹ̀. Ìyá Àlájà ń gbààwẹ̀. Aláta ń gbààwẹ̀. Àwọn tó ń rà ń gbààwẹ̀. O sè é nínú ààwẹ̀, o dì í nínú ààwẹ̀, ẹ sì ń tà á fún aláàwẹ̀. Nínú gbogbo ibẹ̀ yẹn, ẹnu tèmi nìkan ni kò sí lábẹ́ òfin. Mo mú ẹyọ kan, mo yà sẹ́yìn òpó kí n má baà jẹun lójú wọn, mo fi í sẹ́nu.

Ó dùn. Ẹ̀rí ọkàn mi kò ní jẹ́ kí n purọ́, ó dùn ju gbogbo ohun tí mo ti jẹ lọ́dún yìí. Lẹ́yìn náà ni ó gbóná. Ó gba ọ̀fun mi sọ̀ kalẹ̀ bí àlejò tó mọ ọ̀nà yàrá. Mo tún padà di ọmọdé, mo tún ń fọ ife.

Ibẹ̀ ni ládàánì ti pe ìrun.

Gbogbo ọjà mí kanlẹ̀. Obìnrin télọ̀ yẹn, Àǹtí Rìsíkà, tó ra páálí kan lọ́wọ́ rẹ láti fi ṣínu, ti tú ríbọ́ǹnù rẹ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, dàbínù wà, àgbọn wà, róbótó dúdú ló mú. Ó ní, "Bísímílà." Ó ń gbé e lọ sẹ́nu.

Bùkọ́lá, kí ni ǹ bá ṣe? Ká ní mo pariwo pé ọtí ni, lójú ọjà, láàárín àwọn tí omi kò kan ọ̀fun wọn láti ìdájí, ta ló máa dúró gbọ́ ìyókù? Wọn á ní ọmọ onígbàgbọ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi ọtí bọ́ mùsùlùmí nínú oṣù ààwẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ bóyá o mọ̀ tàbí o kò mọ̀. Tí mo bá sì dákẹ́, ó ti dé ètè rẹ̀. Ọwọ́ mi ti jáde kí n tó ronú tán. Mo gbá a lọ́wọ́. Róbótó náà fò lọ. Ó wò mí, èmi náà wò ó. Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ ẹlòmíràn tún ti wà nínú àwo. Ni mo bá fi gbogbo ara mi lu tábìlì.

Èmi! Èmi tí n kì í da omi ìrẹsì nù. Èmi tí mo máa ń na ọ̀rá búrẹ́dì sórí okùn kó gbẹ, kí n lè tún un lò. Àrán, gíláàsì, dàbínù, bébà góòlù, gbogbo rẹ̀ wọ gọ́tà. Ẹ̀rù ara mi ba mí.

"Kí ló ṣe ìyá yìí?"

"Ẹ dì í mú! Ó gbá Àǹtí Rìsíkà lọ́wọ́!"

"Ìyá ìyàwó ni! Ìyá tó bí i gangan!"

"Ìlara ni jàre. Kò fẹ́ kí ọmọ náà kírun."

Aláta nìkan ló ní, "Ẹ fún un lómi, bóyá òòyì ló kọ́ ọ." Mo gbá ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni tó ń rì ṣe ń gbá igi mú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òòyì ni. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Ẹni tí òòyì kọ́ kì í kọ́kọ́ gbá ènìyàn lọ́wọ́ kó tó ṣubú.

Ìwọ sì wò mí. O ní, "Màámi, ẹ ti pa mí." O kò tiẹ̀ pariwo. Ìyá Àlájà kò bú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mú gèlè mi nílẹ̀, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì kẹ̀yìn sí mi. Wọ́n tì mí wọnú kẹ̀kẹ́. N kò rí àyè sọ ohunkóhun sí ọ létí.

Kí n má baà jẹ́ ẹni tó fi ọ̀fun nìkan dá ẹjọ́, láàárọ̀ yìí mo lọ bá obìnrin tó tà á fún ọ ní Yaba. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o. Èso tó ti yó tí ẹ ń tà yìí, kí ló mu tó fi yó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bùrándì ni o, Mọ̀mí. Láti ṣáájú Kérésì ló ti ń mu ún. Ó yó ju àna mi lọ."

Mo ní, "Ọmọ kan wá ra ike méjì lọ́wọ́ yín."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí tó ń ná ọjà bí ẹni pé ilé ẹjọ́ la wà? Mo bi í pé kéèkì ni àbí kí ni. Ó ní kéèkì ni, pé kí n ṣá tà á."

N kò bá a jà. Kò ṣẹ̀ ọ́. Mo mọ ìdí tí o fi ní kéèkì ni, èmi ni mo kọ́ ọ pé má ṣe jẹ́ kí ọlọ́jà mọ ohun tí o fẹ́ fi ọjà rẹ̀ ṣe, kó má baà gbé owó lé e. Ó mọ ohun tó ń tà, ìwọ náà rò pé o mọ ohun tí o ń rà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ní ojú méjì ló dúró sí àárín yín: òun ń wo ojú kan, ìwọ ń wo èkejì.

Àṣàkẹ́, láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ronú. Àwọn òfin tí mo fi tọ́ yín kò burú. Òun la fi jẹun, òun la fi kàwé. Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu, ó tiẹ̀ bà mí lẹ́rù, pé o pa gbogbo rẹ̀ mọ́ láìyẹ ọ̀kan, ibi tó sì gbé ọ dé nìyí. Nítorí náà mo ní àfikún.

Èkíní. Máa ra ohun tí ọdún bá jẹ kù. N kò yí ìyẹn padà. Ṣùgbọ́n ohun tí owó rẹ̀ bá pọ́ọ́kú, tú u wò, kí o sì bi í ní orúkọ ìyá àti bàbá rẹ̀. Lọ́dún tí mo fẹ́ bàbá rẹ, mo ra bàtà kan nínú òkìtì okirika ní Yaba. Wọ́n ti so ó pọ̀, ọlọ́jà sì ní tí n kò bá tú u, òun á gba ìdajì. Mo yára sanwó. Nígbà tí mo délé, ẹsẹ̀ òsì méjì ni. Owó ti jáde, mo wọ̀ ọ́ lọ síbi ìdúpẹ́ ìgbéyàwó wa. Bàbá rẹ ń sọ títí dòní pé àwọn ènìyàn rò pé ìfẹ́ ló mú kí n rọ̀ mọ́ òun lápá bẹ́ẹ̀, wọn kò mọ̀ pé mò ń yí lọ sí òsì ni.

Èkejì. A kì í jẹ ọjà, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Ẹyọ kan nínú ìsè kọ̀ọ̀kan, kọ ọ́ mọ́ ìnáwó bí o ṣe ń kọ páálí àti ríbọ́ǹnù. Kì í ṣe àdánù. Tó bá jẹ́ ìgbà ààwẹ̀, ṣé o kò ní aláboyún ládùúgbò ni? Ìyá rẹ wà ní Èbúté Mẹ́ta, kò ní gba kọ́bọ̀.

Ti ẹ̀kẹta, n kò mọ bí mo ṣe máa tò ó. Ohun tí ènìyàn máa fi dí ihò lára ilé, o lè fi ìlò rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó ń tà á. Ohun tí ènìyàn máa gbé mì, má fi pamọ́. Sọ fún un tààrà pé mùsùlùmí ló máa jẹ ẹ́, ọmọ ọwọ́ ló máa jẹ ẹ́, arúgbó tí kò léyín ló máa jẹ ẹ́. Tó bá tìtorí ẹ̀ gbé owó lé e, san án. Èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀. Bá mi fi àmì sí i.

Ìyẹn tán. Ọ̀rọ̀ tó kù ni mo ń sá fún láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé.

Páálí ogójì wà nílé Ìyá Àlájà. Ó sì ní ọ̀nà kan tó rọrùn. Má rò pé n kò ronú rẹ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀ délẹ̀. O lè ní o fẹ́ tún ríbọ́ǹnù wọn ṣe, kí o kó wọn wálé, kí o yọ róbótó dúdú, kí o fi dàbínù dípò rẹ̀, kí o sì kó wọn padà. Kò ní náni lówó tó bí mo ṣe rò. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Èmi á máa jẹ́ ìyá onílara tí òòyì ń kọ́, n kò ní kú sí i. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ sí ọ bẹ́ẹ̀. Mo mú bírò, ọwọ́ mi kọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ nípa pálọ̀ ìyá mi. Káfíńtà kan wà tó jẹ́ mùsùlùmí, Bàbá Sàká. Kì í mutí. Ọbẹ̀ ìyá mi ló ń bá wá. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n da ọtí funfun sínú ife omi rẹ̀. Ó gbé e mì tán kó tó mọ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun jókòó, ó kàn ń wo ife náà, omi ń jáde lójú rẹ̀. Ìyá mi lé gbogbo wọn jáde, ó ti pálọ̀ pa ní ọ̀sán gangan, ó so gèlè, ó fà mí lọ́wọ́. A lọ sílé Bàbá Sàká. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. Mo rántí nítorí n kò tíì rí i kí ìyá mi kúnlẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ó ní, "Ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀. N kò fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń rẹ́rìn-ín."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, pé a kò ní rí i mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì Bàbá Sàká wọlé pẹ̀lú ife onírin tirẹ̀ nínú àpò, ó jókòó, ó ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ wá. Ó jẹun lọ́dọ̀ wa títí ìyá mi fi ti pálọ̀ náà pa pátápátá. Ó ń mu omi nínú ife tirẹ̀. Kò gbàgbé, ṣùgbọ́n kò lọ.

Ìyá Àlájà fi ọ́ yangàn ní gbangba, Bùkọ́lá. Ẹni tó fi ọ́ yangàn ní gbangba, ẹnu rẹ ló yẹ kó ti gbọ́ àṣìṣe rẹ, ní ìkọ̀kọ̀, kí ọjọ́ tó lọ. Tí o bá pààrọ̀ rẹ̀ láìsọ, wàá jókòó láàárín àwọn alásàlátù lọ́jọ́ ọdún, wọn á máa gbàdúrà fún ọ, ìwọ á sì máa wo ẹnu wọn. Ààwẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ nílé ọkọ nìyí. Má fi irọ́ ṣínu rẹ̀.

Àwọn díẹ̀ tó ti rà láàárọ̀ Àbámẹ́ta, nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ rẹ. Pè wọ́n, kí o sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Tí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ ẹ́, n kò mọ ohun tí ẹ̀sìn yín sọ, n kò sì ní fi ẹnu onígbàgbọ́ túmọ̀ rẹ̀. Jẹ́ kí ọkọ rẹ bi Áfáà léèrè. Ní ti Àǹtí Rìsíkà, má bá mi bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ èmi ló gbá a, ẹsẹ̀ èmi ló máa gbé mi lọ. Ìyókù, owó àti àwo gíláàsì tó fọ́, a ó jókòó lé e lórí lẹ́yìn ọdún, ìwọ pẹ̀lú mi.

Àpò tó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ, dàbínù ni. Gbígbẹ ni. Mo tọ́ ọ wò kí n tó sanwó. Kò lè kún páálí ogójì ní ọ̀nà tí o fi ń tò ó, ṣùgbọ́n obìnrin alásàlátù kọ̀ọ̀kan á rí díẹ̀ fi sẹ́nu.

Múfútáù, tó bá wà nítòsí rẹ, jẹ́ kó kà á pẹ̀lú rẹ. Lẹ́yìn náà, so gèlè rẹ, kí o lọ sílé Ìyá Àlájà kí ládàánì tó pe ìrun, nítorí n kò mọ̀ bóyá yóò ní sùúrù dé ọjọ́ Ìtúnu kó tó ṣí ọ̀kan nínú páálí yẹn.

N kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mọ́ nígbà tí o bá ń ka èyí. Bàbá rẹ nìkan kọ́ ló wá. Mo wà ní ìsàlẹ̀ ilé yín, lórí bẹ́ǹṣì obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, n kò sì ní gòkè, nítorí o ní o kò fẹ́ rí mi. Ọ̀nà ilé Ìyá Àlájà gba iwájú mi kọjá. Tí o bá fẹ́ dá lọ, máa lọ, o kò ní láti kí mi. Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ kí ẹni méjì kúnlẹ̀, sọ fún mi pé kí n dìde.

Èmi ni,
ìyá rẹ.